Láti Èédú Dé Òjé: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Oxidation Number Nínú Ìdílé Kábọ́nù

Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní kẹ́mísírì fẹ́ràn àtihá nǹkan sórí. "Kábọ́nù, +4. Sílíkọ́nì, +4. Tánganran, +2 àti +4. Òjé, +2 àti +4." Ọjọ́ tí ìbéèrè bá yí padà, tí wọ́n ní kí wọ́n sọ ìdí tí SnCl₂ (tánganran pẹ̀lú kílórínì) fi máa ń fúnni ní ẹlẹ́kítírọ́nì tí PbO₂ (òjé pẹ̀lú ọ́síjìn) sì máa ń já a gbà lọ́wọ́ ẹni, gbogbo ohun tí wọ́n há á fò lọ. Ohun kan náà ni wọ́n kọ síwájú tánganran àti òjé, wọn ò sì mọ̀ pé ibi tí ara ti tu ọ̀kan ni ara ti ń ni èkejì.

Ọ̀nà tí mo fi ń kọ́ wọn nìyí. Ẹ mú bírò àti ìwé sọ́wọ́, torí kíkà lásán kò ní tó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ àwọn ará ilé

Ẹgbẹ́ kẹrìnlá nínú táábìlì àwọn ẹ́límẹ́ǹtì là ń sọ. Láti òkè wá sísàlẹ̀, a ní kábọ́nù (C, 6), sílíkọ́nì (Si, 14), jẹmáníọ́mù (Ge, 32), tánganran (Sn, 50) àti òjé (Pb, 82). Flerovium (114) ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, àmọ́ inú ẹ̀rọ ni àwọn onímọ̀ ti ń ṣẹ̀dá rẹ̀, átọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í sì í pẹ́ kó tó fọ́. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Yàtọ̀ sí jẹmáníọ́mù, kò sí èyí tó ṣàjèjì sí wa nínú wọn. Kábọ́nù ni èédú tí a fi ń yan àgbàdo. Òun náà ló wà láàárín pẹ́ńsù tí a ń pè ní lẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀ òjé kankan ò sí níbẹ̀. Sílíkọ́nì àti ọ́síjìn ló para pọ̀ di iyanrìn. Sílíkọ́nì tí wọ́n fọ̀ mọ́ tónítóní ló wà lójú páńẹ́ẹ̀lì sólà. Tánganran ni wọ́n fi ń bo irin agolo lára kó má baà dípẹtà, ilẹ̀ Jos sì ni wọ́n ti ń wà á ní Nàìjíríà. Òjé ló wà nínú bátìrì ọkọ̀, òun náà sì ni wọ́n fi ń rọ ìdè ọwọ́ àwọn olórìṣà Ọbàtálá.

Ohun tó sọ wọ́n di ìdílé kan ni pé mẹ́rin-mẹ́rin ni ẹlẹ́kítírọ́nì tó wà ní ìpele ìta wọn: méjì ní yàrá s, méjì ní yàrá p. Ẹ kọ ọ́ báyìí: ns² np². Ẹ fa igi sábẹ́ rẹ̀. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jáde, +4 nìyẹn. Bí àwọn méjì inú yàrá p nìkan bá jáde, +2 ni. Bí mẹ́rin mìíràn bá wọlé wá láti òde, −4 ni.

Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni ìwà irin (metal) ń pọ̀ sí i. Kábọ́nù kì í ṣe irin. Sílíkọ́nì àti jẹmáníọ́mù dúró láàárín. Tánganran àti òjé jẹ́ irin gidi. Ìwúwo wọn ń pọ̀ sí i: gíráàmù 2.33 ni sílíkọ́nì wọ̀n nínú cm³ kan, 5.32 ni jẹmáníọ́mù, tánganran tó nǹkan bí 7.3, òjé sì jẹ́ 11.34. Ooru tó ń yọ́ wọn ń lọ sílẹ̀: sílíkọ́nì ní 1,414 °C, jẹmáníọ́mù ní 938 °C, tánganran ní 232 °C. Òjé tún gòkè díẹ̀, 327 °C, síbẹ̀ iná èédú lásán tó o yọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣí ìwé gbèsè

Oxidation number kò ju ìwé gbèsè lọ. Bí átọ́ọ̀mù méjì bá so mọ́ra, a ó ṣe bí ẹni pé èyí tí agbára ìfà rẹ̀ (electronegativity) pọ̀ jù ló kó gbogbo ẹlẹ́kítírọ́nì tí wọ́n jọ ní lọ. Ẹni tó kó o lọ ló jẹ gbèsè, a ó fi àmì − síwájú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n kó tirẹ̀ lọ ni wọ́n jẹ, a ó fi + síwájú tirẹ̀. Ní tòótọ́, wọn kì í kó o lọ tán bẹ́ẹ̀. Ìṣirò orí ìwé ni, àmọ́ ìṣirò tó wúlò ni.

Ta ló lágbára jù? Ẹ kọ èyí sí etí ìwé yín: fúlórínì 3.98, ọ́síjìn 3.44, kílórínì 3.16, kábọ́nù 2.55, háídírójìn 2.20, jẹmáníọ́mù 2.01, tánganran 1.96, sílíkọ́nì 1.90. Ẹ wo ibi tí háídírójìn bọ́ sí. Kábọ́nù jù ú lọ, òun náà sì ju sílíkọ́nì, jẹmáníọ́mù àti tánganran lọ. A ó padà síbẹ̀.

Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ́límẹ́ǹtì tó dá wà jẹ́ 0, ì báà jẹ́ dáyámọ́ńdì, ì báà jẹ́ èédú. Ọ́síjìn sábà máa ń jẹ́ −2, fúlórínì −1, kílórínì náà −1 bí kò bá ti so mọ́ ọ́síjìn tàbí fúlórínì. Bí a bá ro gbogbo wọn pọ̀, iye iná tó wà lára mólékù náà ló gbọ́dọ̀ jáde. Bí kò bá ní iná lára, 0 ni.

Ẹ mú CO₂. Ọ́síjìn méjì, −2 lọ́nà méjì, −4. Kí àpapọ̀ tó lè jẹ́ 0, kábọ́nù gbọ́dọ̀ jẹ́ +4. Nínú CO, +2 ni. Nínú CH₄, háídírójìn mẹ́rin jẹ́ +1 lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kábọ́nù jẹ́ −4. Ẹ wá tò wọ́n bí àtẹ̀gùn:

CH₄ −4, CH₃OH −2, HCHO 0, HCOOH +2, CO₂ +4.

Bí gáàsì ìdáná bá jó, láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn yìí ló ti ń gùn ún lọ sókè. Kábọ́nù nìkan ló lè jókòó sórí gbogbo ìpele, láti −4 dé +4, nínú ìdílé yìí, torí pé ó mọ bí a ṣe ń so mọ́ ara ẹni lọ bí ẹ̀wọ̀n, agbára ìfà rẹ̀ sì wà láàárín méjì: ó ju háídírójìn lọ, ọ́síjìn sì jù ú lọ.

Bí kábọ́nù bá ju ẹyọ kan lọ nínú mólékù, ìṣirò àpapọ̀ á tàn yín jẹ. Ẹ wo ọtí inú ẹmu, C₂H₅OH. Àpapọ̀ á sọ pé −2 ni kábọ́nù kọ̀ọ̀kan. Irọ́ ni, ìpíndọ́gba lásán nìyẹn. Ẹ ka okùn, ìyẹn ìsopọ̀ (bond) tó wà láàárín átọ́ọ̀mù méjì, dípò rẹ̀: okùn tó lọ sọ́dọ̀ háídírójìn jẹ́ −1, èyí tó lọ sọ́dọ̀ kábọ́nù mìíràn jẹ́ 0, èyí tó lọ sọ́dọ̀ ọ́síjìn jẹ́ +1, bí okùn bá sì jẹ́ méjì, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kábọ́nù inú CH₃ ní háídírójìn mẹ́ta: −3. Kábọ́nù inú CH₂OH ní háídírójìn méjì àti ọ́síjìn kan: −2 + 1, ó jẹ́ −1.

Ẹ jẹ́ kí ẹmu náà wà níta fún ọjọ́ díẹ̀. Ó kan. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ti sọ ọtí náà di ásíìdì, CH₃COOH. Ẹ tún okùn kà: CH₃ ṣì wà ní −3, kò mira. Ṣùgbọ́n kábọ́nù kejì ti ní okùn méjì sọ́dọ̀ ọ́síjìn kan àti okùn kan sọ́dọ̀ òmíràn: +3. Ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn méjèèjì ló gun àtẹ̀gùn, láti −1 dé +3. Bí ẹ bá ń ka àpapọ̀, ẹ ò ní rí i láé.

Ní báyìí, ẹ ṣe SiH₄ fúnra yín kí ẹ tó kà síwájú.

Bí ẹ bá kọ −4 sábẹ́ sílíkọ́nì, ẹ má bínú, èmi náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, àmì X pupa tí olùkọ́ fà sí i gùn dé ìsàlẹ̀ ìwé. Háídírójìn ju sílíkọ́nì lọ: 2.20 sí 1.90. Háídírójìn ló kó ẹrù lọ níbí, −1 ni, sílíkọ́nì sì jẹ́ +4. Ìyàtọ̀ yìí hàn lójú ayé pẹ̀lú. CH₄ á dúró de ìṣáná. SiH₄ á gbiná fúnra rẹ̀ bó bá ti kan afẹ́fẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá ibi tí ilé wà

Nọ́ńbà méjì ló ṣe pàtàkì fún gbogbo ìdílé, +2 àti +4. Ohun tí àwọn ọmọ kì í béèrè ni pé: èwo nínú méjèèjì ni ilé, èwo ni àjò?

Lókè, +4 ni ilé. Kábọ́nù inú CO wà ní +2, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ẹ ṣáná sí i, ó jó pẹ̀lú ọwọ́ iná aláwọ̀ búlúù, ó di CO₂. Nínú iná ìleru tí wọ́n ti ń yọ irin, òun ló ń gba ọ́síjìn lọ́wọ́ òkúta irin: Fe₂O₃ + 3CO → 2Fe + 3CO₂. Ẹlẹ́kítírọ́nì méjì tí kò tíì ná yẹn ló tún fi ń so mọ́ irin inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá sùn ti jẹnẹrétọ̀ nínú ilé tí wọ́n tì pa, tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ò fi ní ráyè wọlé.

Sílíkọ́nì kò ní àríyànjiyàn. +4 ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ níbi gbogbo. Jẹmáníọ́mù náà fẹ́ràn +4, ó kàn máa ń gbìyànjú +2 nígbà mìíràn. Ní 1871, Mendeleev, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Rọ́ṣíà tó to táábìlì àwọn ẹ́límẹ́ǹtì, sọ pé ẹ́límẹ́ǹtì kan ṣì kù lábẹ́ sílíkọ́nì tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí, pé yóò so mọ́ ọ́síjìn méjì àti kílórínì mẹ́rin, pé ohun tí òun àti kílórínì bá para pọ̀ dà yóò jẹ́ olómi tó ń hó nígbà tí ooru kò tíì tó 100 °C. Clemens Winkler rí i ní Freiberg, ní Jámánì, ní 1886, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Mendeleev tó sọ̀rọ̀ yìí kò mọ̀ pé nǹkan kan ń jẹ́ ẹlẹ́kítírọ́nì. Wọn ò tíì ṣàwárí rẹ̀ nígbà náà.

Tánganran ní ilé méjì, àmọ́ +4 ló tù ú lára jù. Nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ òjé, nǹkan dojú rú: +2 ni ilé, +4 wá di àjò.

Kí ló fà á? Yíyọ ẹlẹ́kítírọ́nì jáde máa ń náni ní agbára, okùn tí átọ́ọ̀mù bá so mọ́ àwọn ẹlòmíràn ló ń san owó náà padà. Àwọn méjì inú yàrá p kò wọ́n. Àwọn méjì inú yàrá s ló wọ́n. Lọ́dọ̀ kábọ́nù, okùn rẹ̀ lágbára tó láti san gbogbo rẹ̀, kó tún jèrè. Bí átọ́ọ̀mù bá ṣe ń tóbi sí i ni okùn ń gùn tó sì ń dẹ̀, èrè náà sì ń kéré sí i. Lọ́dọ̀ òjé, ọjà yẹn kò pa mọ́: àwọn ẹlẹ́kítírọ́nì inú lọ́hùn-ún, 4f àti 5d, kò mọ bí a ti ń bo agbára àárín átọ́ọ̀mù mọ́lẹ̀ dáadáa, àwọn méjì inú 6s sì ń sáré débi pé òfin Einstein nípa ohun tó ń sáré gan-an (relativity) ń ṣiṣẹ́ lára wọn, wọ́n súnmọ́ àárín, wọ́n di ilẹ̀kùn mú. Ẹ lè rí i nínú agbára tí yíyọ ẹlẹ́kítírọ́nì àkọ́kọ́ ń gbà, ní kJ/mol: kábọ́nù 1,086, sílíkọ́nì 787, jẹmáníọ́mù 762, tánganran 709. A retí kí òjé tún lọ sílẹ̀. 716 ló jẹ́.

Inert pair ni orúkọ tí ẹ máa kọ nínú ìdánwò. Nínú kíláàsì mi, "méjì ajókòó-sílé" là ń pè wọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni: ṣé ilé ló wà ni àbí àjò? Bó bá wà ní àjò, ṣé òkè ni ilé wà àbí ìsàlẹ̀? Bí ilé bá wà lókè, á fún ẹlòmíràn ní ẹlẹ́kítírọ́nì kó tó lè gòkè. Bí ilé bá wà nísàlẹ̀, á já ti ẹlòmíràn gbà.

SnCl₂ wà ní +2, ilé rẹ̀ wà lókè. Ẹ dà á sínú omi FeCl₃: àwọ̀ pupa rúsúrúsú náà á ṣí, á fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àwọ̀ mọ́. 2FeCl₃ + SnCl₂ → 2FeCl₂ + SnCl₄. Tánganran ti fúnni ní méjì, irin méjì sì pín in ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

PbO₂ wà ní +4, ìsàlẹ̀ ni ilé rẹ̀. Ebi ẹlẹ́kítírọ́nì ń pa á débi pé ó lè gbà á lọ́wọ́ kílórínì tó wà nínú ásíìdì HCl: PbO₂ + 4HCl → PbCl₂ + Cl₂ + 2H₂O. Gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, nítorí náà iṣẹ́ yàrá ìwádìí ni, kì í ṣe ti ilé. Fún ẹni tó bá fẹ́ fi nọ́ńbà wọn ebi náà: +0.15 V ni láti +4 tánganran sí +2 rẹ̀, nǹkan bí +1.46 V sì ni láti PbO₂ sí òjé +2.

Èyí náà ló fà á tí PbF₄ fi wà, tí PbCl₄ jẹ́ olómi aláwọ̀ ìyeyè tó ń fọ́ sí PbCl₂ àti Cl₂ bí ooru díẹ̀ bá kàn án, tí kò sì sí PbI₄. Áyódíìnì kì í di ẹlẹ́kítírọ́nì tirẹ̀ mú le. Òjé +4 á ti gbà á kí wọ́n tó jókòó pọ̀.

Ẹ wá wo bátìrì ọkọ̀. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n ti la inú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù réwáyà kan. Àwọn àwo inú rẹ̀ tò tẹ̀lé ara bí ojú ìwé: àwo kan ní àwọ̀ ilẹ̀ bíi ṣokoléètì, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ aláwọ̀ eérú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tò lọ. Èyí tó dà bíi ṣokoléètì ni PbO₂, òjé +4. Èyí tó dà bí eérú ni òjé lásán, 0. Àjò ni àwọn méjèèjì wà, ọ̀kan lókè ilé, èkejì nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀:

Pb + PbO₂ + 2H₂SO₄ → 2PbSO₄ + 2H₂O

0 gòkè, +4 sọ̀kalẹ̀, wọ́n pàdé ní +2. Ìrìn àjò padà sílé yẹn ni iná tó ń yí ẹ́ńjìnnì, nǹkan bí fóltì 2 láti yàrá kọ̀ọ̀kan, yàrá mẹ́fà fún bátìrì 12 V. Ẹ wo ásíìdì nínú ìṣirò náà: ó ń lọ, omi ń dípò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí réwáyà fi ń ti háídrómítà, ohun tí a fi ń wọn bí ásíìdì ṣe ki tó, bọ ihò bátìrì láti mọ̀ bóyá ó ti tán. Bí a bá so ó mọ́ ṣájà, ńṣe là ń fi agbára lé wọn jáde nílé. Bí a bá sì fi í sílẹ̀ ní òfìfo fún oṣù mélòó kan, PbSO₄ á gan mọ́ àwọn àwo, funfun, líle, kò sì ní gbọ́ràn sí ṣájà mọ́. Ohun funfun yẹn ni mo rí lára bátìrì tí wọ́n là náà. Gaston Planté ló ṣe irú bátìrì yìí ní 1859. Ní 2011, Pekka Pyykkö, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Finland, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò rẹ̀, wọ́n rí i pé nǹkan bíi 1.7 sí 1.8 nínú fóltì 2.1 náà ló wá láti inú eré tí àwọn ẹlẹ́kítírọ́nì òjé ń sá, òfin Einstein yẹn náà. Tánganran tó wà lókè rẹ̀ kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ka ìwà láti ara nọ́ńbà

Èyí kò gba àkókò. Ní +4, okùn wọn máa ń jẹ́ ti àjọpín (covalent), ohun tó bá jáde sì máa ń jẹ́ mólékù tó ń tètè hó. Ní +2, wọ́n súnmọ́ iyọ̀. SnCl₄ jẹ́ olómi tó ń rú èéfín nínú afẹ́fẹ́, tó ń hó ní 114 °C. SnCl₂ jẹ́ ohun líle funfun tí kì í yọ́ títí di 247 °C. PbCl₂ dúró di 501 °C. Ní ti ohun tí wọ́n bá ọ́síjìn dà, CO₂ àti SiO₂ ń ṣe bí ásíìdì, SnO₂ àti PbO ń ṣe ti ásíìdì, wọ́n ń ṣe ti álíkálì, CO kò sì dá sí ìjà ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ ẹ má ṣe gba nọ́ńbà gbọ́ jù. CO₂ àti SiO₂, +4 ni àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ni à ń mí síta, èkejì ni wọ́n fi ń pò sìmẹ́ǹtì. Kábọ́nù kéré, ó lè ta okùn méjì sọ́dọ̀ ọ́síjìn kan ṣoṣo, mólékù kéékèèké ló ń dà. Sílíkọ́nì kì í ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa. Okùn kọ̀ọ̀kan ló ń ta sọ́dọ̀ ọ́síjìn mẹ́rin, ọ́síjìn náà á tún nawọ́ sí sílíkọ́nì mìíràn, títí gbogbo wóró iyanrìn á fi di mólékù ńlá kan. Bákan náà, CCl₄ lè wà nínú omi láìṣe nǹkan kan, SiCl₄ sì ń fọ́ kíá bó bá kan omi, torí pé sílíkọ́nì láyè láti gba àlejò karùn-ún mọ́ra.

Pb₃O₄ ni pańpẹ́ tí mo fẹ́ràn jù, ẹ̀tù pupa tí wọ́n máa ń pò mọ́ ọ̀dà irin tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: 8 pín sí 3, +2.67. Kò sí átọ́ọ̀mù tó ń jẹ gbèsè ìdá. Òjé méjì wà níbẹ̀ ní +2, ọ̀kan ní +4. Ẹ da ásíìdì náítríìkì sí i, pupa náà á lọ, ẹ̀tù aláwọ̀ ilẹ̀ á sì rọ̀ sísàlẹ̀. Àwọn +2 ló yọ́ sínú omi; +4 ló jókòó sísàlẹ̀ ife. Ẹ ti fojú rí ìṣirò yín.

Ẹ ṣe wọ̀nyí

NaHCO₃, CaC₂, H₂C₂O₄, K₂PbCl₆, SnO₂ + 2C → Sn + 2CO, PbS.

Ìdáhùn: kábọ́nù inú NaHCO₃ jẹ́ +4. Inú CaC₂, −1. Inú H₂C₂O₄, +3. Òjé inú K₂PbCl₆ jẹ́ +4. Ẹ̀karùn-ún ni bí wọ́n ṣe ń yọ tánganran kúrò lára òkúta rẹ̀ pẹ̀lú èédú: tánganran bọ́ láti +4 sí 0, kábọ́nù méjì gòkè láti 0 sí +2, mẹ́rin lọ, mẹ́rin bọ̀, ìwé gbèsè pé.

PbS, òjé jẹ́ +2. Ẹ mọ̀ ọ́n. Òkúta dúdú tó ń dán tí wọ́n ń lọ̀ fi ṣe ọ̀pọ̀ tìróò ni. Òjé ti délé níbẹ̀, kò ní ìdí kankan láti yí padà, bó bá sì wọ inú ara, Pb²⁺ náà ni yóò máa jẹ́, iná méjì lára bíi ti Ca²⁺, egungun á gbà á bí ẹni gba kálísíọ́mù. Irú òkúta olójé bẹ́ẹ̀ ló wà lára òkúta wúrà tí wọ́n ń fọ́ láàárín ilé ní Zamfara ní 2010, tó pa àwọn ọmọdé tó lé ní 400. Ẹ má lé tìróò sójú ọmọ ìkókó.